Ọ̀dà àti ìbora kálípà bíréèkì ọkọ̀

Kálípà ni ẹ̀yà bíréèkì ọkọ̀ tó ń gbá dísìkì mú bí ẹ̀mú. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, ọ́ìlì á ti písítìnì inú kálípà, písítìnì á sì fún páàdì mọ́ dísìkì tó ń yí pẹ̀lú táyà. Kálípà máa ń hàn síta bí ríìmù ọkọ̀ bá ní àlàfo, ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi ń kùn ún ní pupa, búlúù tàbí àwọ̀ mìíràn. Àwọ̀ kò mú kí ọkọ̀ tètè dúró. Ìbora fúnra rẹ̀ ló níṣẹ́, nítorí òun ló ń gba irin lọ́wọ́ omi, iyọ̀ àti eruku páàdì.

Irin tí a fi ṣe é

Irú irin tí kálípà jẹ́ ló ń pinnu ìbora tó lè gbà, kí ọ̀rọ̀ àwọ̀ tó wáyé rárá. Irin tí a yọ́ dà ni ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí a ń gùn lójoojúmọ́. Alumíníọ̀mù ni ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ asáré, nítorí pé ó fúyẹ́. Òòfà ni a fi ń dá wọn mọ̀: ó ń lẹ̀ mọ́ irin, kì í lẹ̀ mọ́ alumíníọ̀mù.

Irin ń dípẹtà, pàápàá ní ìlú etíkun bí Èkó àti Kútọnu tí iyọ̀ wà nínú afẹ́fẹ́, àti ní ilẹ̀ òtútù tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sójú títì nígbà yìnyín. Nítorí èyí, ilé iṣẹ́ sábà máa ń fi síńkì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo kálípà onírin. Síńkì ló ń kọ́kọ́ bàjẹ́ dípò irin, kódà bí nǹkan bá ha á níbì kan. Ẹni tó bá fi sáńpépà họ ọ́ títí tí irin fi hàn ti bó ààbò yìí dànù, ọ̀dà tó kùn lé e nìkan ló kù. Ó sàn kí a kàn fi sáńpépà ra ojú rẹ̀ díẹ̀ kí ọ̀dà lè rí ibi dì mọ́, àyàfi bí ìpẹtà bá ti wọ inú rẹ̀.

Alumíníọ̀mù kì í dípẹtà bí irin. Ṣùgbọ́n bí iyọ̀ bá gba ibi tí ọ̀dà ti là wọlé, nǹkan funfun lúbúlúbú á hù sábẹ́ rẹ̀, ọ̀dà á sì máa bó.

Oríṣi ìbora

Ọ̀dà olómi ló wọ́pọ̀ jù. Èyí tí a ń fọ́n láti inú agolo rọrùn láti lò, àmọ́ ọ̀dà tí a ń po pọ̀ mọ́ hádínà (èròjà tó ń mú kí ọ̀dà le) kí a tó fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún sábà máa ń pẹ́ jù ú lọ. Ọ́ìlì bíréèkì ló ń fi ìyàtọ̀ yìí hàn: oríṣi rẹ̀ tí à ń pè ní DOT 3 àti DOT 4 máa ń jẹ ọ̀dà, a sì gbọ́dọ̀ fi omi fọ èyí tó bá kán sí i kíákíá. DOT 5, tí a fi sílíkónì ṣe, kì í jẹ ọ̀dà, ṣùgbọ́n a kì í pò ó mọ́ àwọn yòókù.

Ọ̀dà lúbúlúbú ni a ń fi iná mànàmáná lẹ̀ mọ́ irin, tí a sì ń yan nínú ààrò ní nǹkan bí 180 sí 200°C. Ó le, ó sì ń dán. Wàhálà rẹ̀ ni pé a gbọ́dọ̀ tú kálípà palẹ̀ pátápátá, nítorí rọ́bà inú rẹ̀ kò lè fara da ààrò. A ó fi rọ́bà tuntun tò ó padà, a ó sì ti dí ihò písítìnì kí ọ̀dà má bàa wọ̀ ọ́.

Ní ti kálípà, àǹódáìsì wà fún ti alumíníọ̀mù nìkan. Wọ́n á rì í sínú ásíìdì, wọ́n á fi iná mànàmáná mú kí awọ ara alumíníọ̀mù fúnra rẹ̀ nípọn, awọ náà á fa aró mu, wọ́n á sì pa ojú rẹ̀ dé. Nítorí pé ara alumíníọ̀mù ni awọ náà ti hù, kì í bó bí ọ̀dà. Síbẹ̀, ooru lè mú kí aró rẹ̀ ṣá, ọṣẹ ríìmù tó le lè jẹ ẹ́, alumíníọ̀mù adà tí èròjà silicon pọ̀ nínú rẹ̀ sì lè ní àbàwọ́n.

Ibi tí ọ̀dà kò gbọ́dọ̀ kàn

A máa ń fi bébà àti téèpù bo rọ́bà písítìnì, nọ́ọ̀tì tí a fi ń tú afẹ́fẹ́, pín-ìnnì tí kálípà ń yọ̀ lórí rẹ̀ àti ojú ibi tí kálípà ti kan ara ọkọ̀. Ibi tí páàdì ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ ló léwu jù: ọ̀dà tó nípọn níbẹ̀ lè mú kí páàdì há, kó máa ha dísìkì láìtẹ bíréèkì, kí bíréèkì gbóná, kí páàdì sì jẹ lápá kan.

Àwọ̀

Dísìkì lè gbóná ju 500°C lọ lórí pápá eré ìje. Kálípà kì í gbóná tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ooru tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tó láti sọ ọ̀dà pupa di èyí tó ṣókùnkùn. Funfun máa ń tètè fi eruku páàdì hàn. Dúdú ń bò ó.

Ilé iṣẹ́ Porsche ní Jámánì sọ àwọ̀ di àmì. Ìyeyè ni ti kálípà tó wà pẹ̀lú dísìkì seramiki, bíi ti ọkọ̀ 911 GT2 tí wọ́n gbé jáde ní 2001. Funfun ni ti dísìkì tí wọ́n fi tungsten carbide, èròjà kan tó le gan-an, bo, èyí tó kọ́kọ́ jáde pẹ̀lú ọkọ̀ Cayenne ní 2017, àwọ̀ ewé títàn sì ni ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọn tó ń lo epo àti bátìrì pọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ń ta kálípà dúdú fún ẹni tó ra dísìkì seramiki tí kò fẹ́ ìyeyè, nítorí náà àwọ̀ nìkan kò tó láti fi mọ irú bíréèkì tó wà lára ọkọ̀.