Bí DC Ṣe Pa Ọ̀pọ̀ Ayé Rẹ́ Lọ́dún 1985, àti Ohun Tó Tẹ̀yìn Rẹ̀ Yọ

Ìwé ìtàn alàwòrán kan jáde ní Amẹ́ríkà ní ìdìpọ̀ 12, tí déètì ara èèpo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kẹrin ọdún 1985 títí dé oṣù kẹta ọdún 1986. Crisis on Infinite Earths ni orúkọ rẹ̀, ilé-iṣẹ́ DC Comics ló gbé e jáde. Marv Wolfman kọ ọ́, George Pérez ya àwòrán rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n gbé lé ìtàn náà lọ́wọ́: kí ó kó àwọn akọni tí DC ti ń tẹ̀ jáde fún 50 ọdún jọ, kí ó pa àwọn ayé tí wọ́n ń gbé rẹ́, kí ó sì ṣẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo kù.

Kí ló dé tí ilé-iṣẹ́ kan yóò fi pa ayé ara rẹ̀ rẹ́? Ní 1940, Jay Garrick ni Flash, akọni DC tó ń sáré lọ́nà àrà, ọkùnrin tó ń dé àkẹtẹ̀ irin. Ìwé rẹ̀ kásẹ̀ nílẹ̀ ní 1949. Nígbà tó di 1956, olóòtú Julius Schwartz àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ gbé Flash tuntun dìde, Barry Allen, tí kò bá ti àkọ́kọ́ tan rárá. Kódà, nínú ìtàn tuntun náà, ẹni inú ìwé tí Barry ń kà ni Jay Garrick jẹ́. Ọdún 1961 ni òǹkọ̀wé Gardner Fox so àwọn méjèèjì pọ̀ nínú The Flash nọ́ńbà 123. Barry mú ara rẹ̀ gbọ̀n kíákíá débi pé ó ré kọjá sí ayé mìíràn, ó sì bá Jay níbẹ̀, tó wà láàyè tó sì ti dàgbà. Àlàyé tí ìtàn náà ṣe ni pé ojú kan náà ni ayé méjèèjì wà, bí wọ́n ṣe ń gbọ̀n ló yàtọ̀ síra, òun ni wọn kò fi rí ara wọn. Ayé Barry di Ayé Kìíní, ti Jay di Ayé Kejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti Jay ló ṣíwájú.

Àwọn òǹkàwé fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Láti 1963, àwọn akọni ayé méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé lọ́dọọdún, ayé mìíràn sì ń yọjú. Ayé Kẹta wà, níbi tí àwọn tó jọ Superman àti Batman ti jẹ́ ọ̀daràn. Nígbà tó yá, DC ń gba akọni àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn sọ́wọ́. Captain Marvel àti àwọn ẹbí rẹ̀ láti Fawcett gba Ayé S, àwọn ti Quality gba Ayé X, àwọn ti Charlton, tí DC rà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, gba Ayé Kẹrin. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wò ó yóò rí i pé àdéhùn òwò ló ń dá ọ̀pọ̀ nínú àwọn ayé náà sílẹ̀. Ọmọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa ka Superman ní 1984 gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ Superman ayé wo ló mú dání. Òun ni DC fẹ́ tún ṣe.

Ìtàn tí akọni inú ìwé kan ti ń wọ inú ìwé òmíràn ni wọ́n ń pè ní crossover. Ìwé kan yóò wà láàárín tó gbé ìtàn náà rù, àwọn ìwé oṣooṣù yòókù yóò sì máa sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ tiwọn. Nínú Crisis, ojú ọ̀run tó pọ́n ló so wọ́n pọ̀. Bí ọ̀tá tó ń jẹ́ Anti-Monitor ṣe ń pa ayé kọ̀ọ̀kan run, ojú ọ̀run á pọ́n, ojú ọjọ́ á dàrú, nílùú yòówù tí akọni bá wà. Òǹkọ̀wé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wá àyè fún un. Àwọn kan ṣe é dáadáa. Àwọn mìíràn kun ojú ọ̀run ní pupa lójú ewé kan tàbí méjì, wọ́n lẹ orúkọ Crisis mọ́ èèpo ìwé, ó parí. Àwọn òǹkàwé kò gbàgbé: títí dòní, “red skies” ni wọ́n ń pe ìwé tó gba owó crossover láìfi nǹkan kan kún ìtàn.

Ọ̀nà tí ìwé ń gbà dé ọwọ́ ènìyàn ló jẹ́ kí irú ìtàn yìí ṣeé ṣe. Tẹ́lẹ̀, àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn ló ń tà wọ́n, wọ́n sì lè dá èyí tí kò tà padà. Ẹni tó ra nọ́ńbà 3 lè má rí nọ́ńbà 4 mọ́. Láti àwọn ọdún 1970 lọ, ṣọ́ọ̀bù tó ń ta ìwé alàwòrán nìkan ń pọ̀ sí i. Àwọn yẹn ń rà á láìsí àyè àtidá ọjà padà, oníbàárà wọn sì ń wá déédéé. Irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ lè tẹ̀lé ìtàn kan fún oṣù 12, ó sì lè ra ìwé akọni tí kò kà rí nítorí rẹ̀. Marvel, ilé-iṣẹ́ tó ń bá DC díje, ti ṣe irú rẹ̀ ní 1984 pẹ̀lú Secret Wars, tó bá ohun ìṣeré ọmọdé tí Mattel ṣe rìn. Ibẹ̀ ni aṣọ dúdú Spider-Man ti wá, aṣọ tó di Venom, ọ̀tá Spider-Man, lẹ́yìn náà.

Ikú ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń rántí Crisis. Ní nọ́ńbà 7, Supergirl kú níbi tó ti ń gba Superman, ìbátan rẹ̀, sílẹ̀. Ní nọ́ńbà 8, Barry Allen sá eré yí ohun ìjà Anti-Monitor ká títí ohun ìjà náà fi fọ́, eré yẹn sì jẹ ara òun náà tán. Agbára irú ikú bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ ohun tí ilé-iṣẹ́ bá ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Lórí Barry, DC dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Wally West, tó ti jẹ́ Kid Flash lábẹ́ rẹ̀, gba aṣọ náà wọ̀, ìwé tirẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ní 1987. Ní ìbẹ̀rẹ̀, eré Wally kò tó ti ọ̀gá rẹ̀, ó sì ń kọminú bóyá òun yẹ nípò náà. Ó dàgbà lójú àwọn tó ń kà á. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló dàgbà tí wọn kò mọ Flash mìíràn, nítorí ọdún 2008 ni Barry tó padà wá. Nínú gbogbo ohun tí Crisis ṣe, èyí ló dára jù: àyè tó ṣófo náà ṣófo ní tòótọ́, ẹlòmíràn sì rí i gbà.

Àtúnbẹ̀rẹ̀ ni kò lọ bó ṣe yẹ. John Byrne bẹ̀rẹ̀ ìtàn Superman lákọ̀tun ní 1986, Pérez fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ti Wonder Woman ní 1987, ṣùgbọ́n àwọn ìwé mìíràn ń bá tiwọn lọ bó ṣe wà. Donna Troy, akọni ọ̀dọ́ tí wọ́n ń pè ní Wonder Girl, ló kọ́kọ́ fara gbá a. Ìtàn ti sọ tẹ́lẹ̀ pé Wonder Woman ló gbà á nínú iná nígbà tó wà ní kékeré. Ní báyìí, Wonder Woman ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé sáàárín ènìyàn, Donna sì ti di ìyàwó ilé nínú ìwé Teen Titans. Ta ló wá gbà á nínú iná? Léraléra ni wọ́n tún ìtàn ọmọbìnrin yìí kọ. Byrne tún ní Superman kò fìgbà kankan jẹ́ Superboy, ìyẹn akọni láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ Superboy ni àwọn Legion of Super-Heroes, akọni ẹgbẹ̀rún ọdún sí i, fi ṣe àwòkọ́ṣe. Ní 1987, DC dá ayé kékeré kan sí kọ̀rọ̀ kí Superboy lè rí ibi tí yóò ti wá, ìyẹn nígbà tí kò tíì pẹ́ tí wọ́n pa àwọn ayé yòókù rẹ́. Ìtàn tí ọ̀pọ̀ ìwé jọ ni ní àná kan náà. Bí ìwé kan bá yí àná yẹn padà, ìwé tí kò yí i padà ni yóò máa wá àlàyé kiri.

Zero Hour jáde ní 1994 láti tún un ṣe. Infinite Crisis tẹ̀ lé e ní 2005, ó mú Superman àgbà ti Ayé Kejì jáde níbi tí wọ́n fi í pamọ́ sí láti ìparí Crisis, nígbà tó sì di 2007, ayé 52 ti wà padà. Ní 2011, Flashpoint tún mú kí DC bẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀ lákọ̀tun.

Síbẹ̀, iṣẹ́ kan wà tí irú crossover yìí mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa: ó lè kó akọni láti ayé kan lọ sí òmíràn. Nítorí Crisis, Blue Beetle ti Charlton di ọmọ ẹgbẹ́ Justice League ní 1987. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n ṣe Crisis tirẹ̀ láti oṣù kejìlá 2019 sí oṣù kìíní 2020, ayé Supergirl àti ti Flash di ọ̀kan, wọn kò nílò láti máa ré kọjá kí wọ́n tó pàdé mọ́. Marvel náà lo ọ̀nà yìí ní 2015, nínú Secret Wars mìíràn tó pa ọ̀pọ̀ ayé rẹ́. Miles Morales, Spider-Man ọ̀dọ́ láti ayé Ultimate, la ìparun náà já, òun àti ìyá rẹ̀ sì bá ara wọn nínú ayé tí Peter Parker ń gbé.