Orúnkún Ledley King Kì Í Ṣe Orúnkún Yín

Láàárín oṣù mẹ́ta, ọkùnrin mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti jókòó sórí ibùsùn ìtọ́jú èmi oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì, ẹni tí ń fi ìdárayá tọ́jú iṣan àti oríkèé, níhìn-ín ní ìlà-oòrùn London, tí wọ́n ká ṣòkòtò sókè lórí orúnkún tó wú bíi búrẹ́dì tí a rẹ sínú tíì, tí wọ́n sì dárúkọ Ledley King, agbábọ́ọ̀lù Tottenham tẹ́lẹ̀, fún mi. Yorùbá ni gbogbo wọn, wọ́n ti lé ní ogójì ọdún, ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì ń jáde lẹ́nu wọn: bí Ledley King kò bá ní kérekère lórúnkún, tí kì í bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìdánrawò láàárín ọ̀sẹ̀, tó sì ń gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ bó bá ti dé pápá, kí ló dé tí èmi fi ń dá àwọn dúró? Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ẹ̀rín ni mo fi rín. Nígbà tí ó di ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, mo mú kálàmù.

Ẹni tó bá ti ń wo bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí ọdún 2012 tó dé mọ ọkùnrin náà, nítorí náà n kò ní pẹ́ lórí ìtàn rẹ̀. Ọmọ ìlà-oòrùn London níbí ni. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún Senrab nígbà èwe, ẹgbẹ́ ọmọdé kan náà tí John Terry ti kọjá, ó sì wọ pápá fún Tottenham lẹ́ẹ̀kíní ní ọdún 1999, kò sì gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ mìíràn títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ọwọ́ ẹ̀yìn ló ń gbá.

Ẹ jẹ́ kí a wá sórí ohun tó kàn mí. Ẹ wo orí egungun itan adìẹ tí ẹ bá jẹ ẹran ara rẹ̀ tán: ohun funfun tó ń dán, tó ń yọ̀, tí àwọn ọmọdé fẹ́ràn láti máa rún, ìyẹn ni kérekère. Òun ló bo ẹnu egungun nínú orúnkún kí egungun má baà máa ha egungun. Kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀, kò sì ní iṣan tí ń jẹ́ kí a mọ ìrora, ìdí nìyẹn tí ó fi lè máa jẹ lọ fún ọdún púpọ̀ láìjẹ́ pé ẹ mọ̀, tí kì í sì í hù padà bí èékánná bó bá ti jẹ tán. Kò sí àgbo, kò sí ìpara, kò sí oògùn inú ike tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó lè dá a padà. Èmi náà kò lè dá a padà. Ohun tí iṣẹ́ mi lè ṣe ni láti mú kí iṣan itan le, kí ó bá a gbé ẹrù.

Iṣan itan yìí gan-an ni àwọn ènìyàn kì í fẹ́ gbọ́ nípa rẹ̀. Nígbà tí orúnkún bá wú, omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, omi yẹn sì máa ń dí ọ̀nà àṣẹ tí ń bọ̀ wá sí iṣan ńlá iwájú itan. Iṣan náà á sùn. Kì í ṣe ọ̀lẹ ni ẹ ń ṣe, kì í sì í ṣe pé ọkàn yín kò le. Iṣan náà ni kò gbọ́ àṣẹ mọ́. Bí ẹ bá wá ń fi iṣan tó sùn sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, níbi tí ẹrù tó ń bọ́ lé orúnkún ti lè tó ìlọ́po mẹ́ta ìwọ̀n ara yín, ta ni yóò gbé e? Mo máa ń ní kí aláìsàn na ẹsẹ̀, kí ó fi ẹ̀yìn orúnkún tẹ táwẹ̀lì tí mo ká sábẹ́ rẹ̀, kí n sì fi ìka méjì kan ẹran itan rẹ̀ lókè orúnkún. Bí ibẹ̀ bá rọ̀ bí àmàlà, bọ́ọ̀lù ti parí fún ọ̀sẹ̀ yẹn, ì báà jẹ́ àṣekágbá.

Ledley King kì í kàn sùn kalẹ̀ sílé lásán láàárín ọ̀sẹ̀. Inú odò ìlúwẹ̀ẹ́, orí kẹ̀kẹ́ tí kì í kúrò lójú kan àti ilé ìdárayá ni ó ti ń lo ọjọ́ rẹ̀, tí orúnkún náà á wú lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀, tí àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ bíi tèmi á sì máa bá a mú wíwú náà wálẹ̀ títí òmíràn yóò fi dé. Síbẹ̀, ẹ bá mi wo àkọsílẹ̀ iye ìdíje tó gbá. Ní sáà 2004 sí 2005, gbogbo ìdíje 38 ní líìgì ló gbá. Ní sáà 2007 sí 2008, mẹ́rin péré ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé sáà yẹn náà ló jẹ́ balógun Tottenham nígbà tí wọ́n fi 2 sí 1 na Chelsea ní Wembley tí wọ́n sì gba ife. Bí ẹ bá ro sáà márùn-ún tó gbẹ̀yìn pọ̀, 75 ló gbá nínú 190. Nígbà tí ó dé ife ẹ̀yẹ àgbáyé ní Gúúsù Áfíríkà ní ọdún 2010, ìdajì ìdíje kan péré pẹ̀lú Amẹ́ríkà ló gbá kí iṣan abẹ́nú itan tó dá a dúró. N kò tọ́jú rẹ̀ rí o, ṣùgbọ́n mo ti rí i lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ pé bí orúnkún bá kọ ẹrù sílẹ̀, itan tàbí ìbàdí ni yóò gbé e. Ẹni ọdún 31 ni nígbà tí ó fẹ̀yìn tì.

Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin náà, awakọ̀ bọ́ọ̀sì, ṣí fóònù rẹ̀ fún mi níbi tí King ti sáré láti ẹ̀yìn lé Arjen Robben ti Chelsea bá ní oṣù kọkànlá ọdún 2006, tó sì yọ bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ rẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. "Dókítà, ẹ wo ènìyàn!" Dókítà kọ́ ni mí, fisiotẹ́rápì ni mo kọ́, n kò sì rò pé ìyẹn kéré. Mo bi í pé níbo ni fídíò ọjọ́ Ajé wà. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì lọ.

Ìyá ìyàwó rẹ̀ ti sọ fún un pé àpẹta ni. Nítorí náà ó lọ bá ọkùnrin kan lẹ́yìn ilé onígbàjámọ̀, ẹni tó fi omi gbígbóná àti ọ̀rá òjòlá fà á lórúnkún fún wákàtí kan gbáko, tó sì gba ọgọ́rin pọ́n-ùn. Kí ó tó lọ, mo ti fi téèpù aránṣọ wọn orúnkún náà, ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 41. Nígbà tí ó padà wá, ó ti di 44. Orúnkún tó ń gbóná, ta ló ń da omi gbígbóná sí i? Ẹni tó ń fa ohun tó wú, kí ló rò pé òun ń fà jáde? Mo bínú débi pé mo ní láti jáde lọ mu omi.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó gbé oògùn apàrora mẹ́rin mì, ó so orúnkún náà mọ́ báńdéèjì, ó sì wọ pápá. Bó ṣe yí padà láti lé ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún kan, ó gbọ́ "pọ̀". Orúnkún náà há, kò ṣeé nà mọ́. Láti ìgbà náà ni kò ti wa bọ́ọ̀sì mọ́, nítorí ẹsẹ̀ ọ̀tún náà ni ó fi ń tẹ bíréèkì.

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, fóònù mi dún ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Mo gbọ́ fèrè rẹfirí lẹ́yìn ohùn awakọ̀ bọ́ọ̀sì náà. "Dókítà, ẹ má bínú. Bí mo bá dúró sí iwájú ilé bí amúlé, ìyẹn ò ní sáré, àbí?"