Dikódà Yín Kò Sọ Pé Kò Sí Àmì: Ìgbì Ni Kò Wọlé

Bí tẹlifíṣọ̀n bá kọ "No signal" sójú, àwọn kan tó ń pe ara wọn ní ògbufọ̀ á ní "kò sí àmì." Àmì wo? Àmì ohùn ni, àbí àmì ojú ọgbẹ́? Inú ń bí mi sí i gidi. Àwọn ọ̀dọ́ Àgbowó àti Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn ní tiwọn ń pè é ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì, bí ẹni pé fóònù ni. Èyí tilẹ̀ burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí ẹni tó bá gbà pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló lọ, ṣe ló máa jókòó tí yóò máa retí rẹ̀.

Ohun tí èmi ń sọ ni pé ìgbì kò wọlé. N kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ìgbì sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tí a ti ń sọ ìgbì rédíò. Ìbàdàn tí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1959 kò yẹ kó máa wá ọ̀rọ̀ kiri fún ohun tó ti ń kọjá lójú ọ̀run rẹ̀ láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n "wọlé" gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú. Sátẹ́láìtì tó ń fún díìṣì wa ní ìgbì wà lókè níbi tó tó nǹkan bíi 36,000 kìlómítà, gbogbo òrùlé ló sì ń rán an sí. Bí òjò bá ń rọ̀ láti Mọ́lété dé Òjóò, tí àgbá ẹ̀yìnkùlé yín gbẹ, ṣé ẹ máa ní òjò ò sí ni? Ẹ ó wo ibi tí páìpù ti yẹ̀ kúrò lẹ́nu àgbá.

Lórí DStv, E48-32 ni nọ́ńbà tó máa ń hàn bí ìgbì kò bá wọlé. Ẹ má fi E16 pè é: ti E16, ìgbì ti wọlé, ọ̀rọ̀ owó oṣù ló kù.

Ọ̀nà tí ìgbì ń gbà ni kí ẹ tọ̀. Bí òjò ńlá bá ń rọ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Omi òjò a máa gba agbára ìgbì, yóò padà bó bá dá. Bí ojú ọjọ́ bá mọ́, ẹ yọ dikódà kúrò lára iná kí ẹ tó fọwọ́ kan wáyà díìṣì, torí inú wáyà yẹn náà ni iná ń gbà lọ bá LNB, ẹ̀rọ kékeré tó ń gba ìgbì níwájú díìṣì, lókè. Ẹ wá tú ẹnu wáyà wò. Ibẹ̀ ni wàhálà máa ń pọ̀ sí jù: ó ti dógùn-ún, tàbí bàbà àárín ti ṣẹ́, tàbí okùn wínníwínní tó yí i ká lọ kan bàbà náà. Ẹ gé ibi tó bàjẹ́, kí ẹ de tuntun kó le dáadáa.

Díìṣì ńkọ́? Apá ìlà-oòrùn ni ti DStv gbọ́dọ̀ kọjú sí. Ìjì a máa yẹ̀ ẹ́, kò sì ní láti yẹ̀ púpọ̀ kó tó ba iṣẹ́ jẹ́. Igi máńgòrò aládùúgbò náà a máa ga títí yóò fi dí i lójú.

Bí oníṣẹ́ díìṣì bá wá ní kí ẹ ra dikódà tuntun, ẹ kọ́kọ́ gbé èyí tó wà nílẹ̀ lọ sílé aládùúgbò tí tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́, kí ẹ fi wáyà tirẹ̀ sí i. Bí ìgbì bá wọlé níbẹ̀, dikódà kò jẹ̀bi. LNB tàbí wáyà ni kí ó pààrọ̀.