Second-chance romance: kí ló dé tí wọ́n máa ń há àwọn ex mọ́nú mọ́tò kan náà?

Tẹ́ẹ bá ń ka nọ́fẹ̀lì ìfẹ́ àwọn ọ̀dọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní YA, ìyẹn young adult, ẹ ó ti pàdé irú ẹ̀ rí: ọmọkùnrin kan àtọmọbìnrin kan ti fẹ́ra sẹ́yìn, wọ́n ti túká, wọn ò tiẹ̀ fẹ́ fojú kanra mọ́, àfi bó ṣe di pé wọ́n jọ wà nínú mọ́tò kan, ìrìnàjò ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin. Second-chance romance làwọn tó ń kọ ọ́ àtàwọn tó ń tà á ń pè é. Ìrìnàjò tó há wọn mọ́ra yẹn náà lórúkọ tiẹ̀, forced proximity, ìyẹn ni pé òǹkọ̀wé dọ́gbọ́n tí wọn ò fi ní ráyè sá fúnra wọn.

Ọ̀pọ̀ rò pé kí wọ́n ṣáà ti tún pàdé, ó parí. Rárá o. Ohun tó tú wọn ká lákọ̀ọ́kọ́ gbọ́dọ̀ jáde síta, ó kéré tán kí ẹnì kan nínú wọn sì ti yí padà lórí ọ̀rọ̀ yẹn gan-an, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìjà àná náà ni wọ́n máa tún jà.

Ẹ wo Persuasion tí Jane Austen kọ, tó jáde níparí 1817 lẹ́yìn tó ti kú. Kì í ṣe YA o, àmọ́ òun ni mo máa ń tọ́ka sí torí ibẹ̀ lẹ ti máa rí i kedere. Ọmọ ọdún 19 ni Anne Elliot nígbà tó gbà láti fẹ́ Wentworth, ọmọ ogun ojú omi tí ò lówó lọ́wọ́. Lady Russell tó dà bí ìyá fún un ní kó má dán an wò, ló bá lóun ò ṣe mọ́. Ọdún 8 kọjá, Wentworth dé, owó ti wà lọ́wọ́ ẹ̀, inú sì ń bí i pé obìnrin yìí ò lè dúró lórí ọ̀rọ̀ ara ẹ̀. Ni wọ́n bá kó rìn lọ sí Lyme létí òkun, máìlì 17 péré. Níbẹ̀ ni Louisa, ọmọbìnrin tí gbogbo èèyàn rò pé Wentworth máa fẹ́, ti ranrí pé òun á fò látorí àtẹ̀gùn, ó fò, ó ṣubú, ó dákú. Wọ́n ń ké, Anne ló ní kí wọ́n wá dókítà, òun náà ló tún rántí pé Benwick, tó ń gbé ní Lyme, ló mọ ibi tí wọ́n ti lè rí i.

Nígbà tí wọ́n ń padà, Wentworth gbé Anne àti Henrietta, tó jẹ́ arábìnrin Louisa, wọ kẹ̀kẹ́ ẹṣin, ó wá jókòó sáàárín wọn. Kò sọ̀rọ̀ ìfẹ́ kankan. Àmọ́ nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n délé, ó bi Anne bóyá bóun ṣe fẹ́ sọ ọ́ fáwọn òbí Louisa dáa. Ṣẹ́ẹ rí nǹkan? Ọkùnrin tó ń bínú pé Anne ò ní ìpinnu, ìpinnu Anne ló ń bèèrè.

Nínú YA, ọdún 8 yẹn lè di oṣù mélòó kan, torí ọdún kan lójú ọmọ ọdún 17 kì í ṣe kékeré. Mọ́tò náà bọ́gbọ́n mu, ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà ọmọ ọdún 16 lè gba láísẹ́ǹsì. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú ni pé ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ tó ń háyà mọ́tò ò ní gbé e fún ẹni tí ò tíì pé 21, ọ̀pọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì náà ò sì ní fún ọmọ tí ò tíì pé 18 ní yàrá, ìdí nìyẹn tẹ́ẹ fi máa ń rí mọ́tò àtijọ́ bàbá àgbà ẹnì kan tàbí bọ́ọ̀sì iléèwé. Èyí tó máa ń bí mi nínú ni kó jẹ́ pé àṣìgbọ́ lásán ló tú wọn ká, tí ìpè fóònù kan ì bá ti yanjú ẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe second chance, ẹ̀ ń fi àkókò mi ṣòfò ni.

Ní ti ìparí, ẹgbẹ́ Romance Writers of America ní ó gbọ́dọ̀ tẹ́ni lọ́rùn kí ìrètí sì wà nínú ẹ̀. Ó lè jẹ́ HEA (happily ever after), kí wọ́n jọ wà títí ayé, ó sì lè jẹ́ HFN (happy for now), pé ó dáa báyìí ná. HFN lèmi fara mọ́ fún YA, ọmọ ọdún 18 tó ń palẹ̀ ẹrù mọ́ lọ yunifásítì, kí lẹ fẹ́ kó búra lé lórí? Tí wọ́n bá wá túká pátápátá níparí, ìtàn náà lè dùn o, àmọ́ ẹni tó bá tà á ní second-chance, àwọn tó rà á máa wá a kàn.