Ọkọ̀ ojú irin kékeré wa kò ní bátìrì: kí ló ń gbé e sáré?

Nínú ẹgbẹ́ wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, a ṣẹ̀ṣẹ̀ parí rélùwéè kékeré kan lórí pákó: ó gbéra ní Òṣogbo, ó gba Ìkìrun àti Ọ̀fà, ó dé Ìlọrin. Ìbéèrè pọ̀ lẹ́nu àwọn tó wá wò ó. Àwọn tó díjú níbẹ̀ la dáhùn yìí.

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, kí ló kàn yín nínú rélùwéè tí kò gba ìlú yín kọjá?

Ìdáhùn: Òótọ́ lẹ sọ. Ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, Òṣogbo ní 1907, Ìlọrin ní 1908, ó sì yà àwa àti Ọ̀yọ́ sílẹ̀. Láyé ìgbà náà, oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́ tó bá fẹ́ wọ rélùwéè lọ sí Jọ́ọ̀sì, ìlú onílùú ló ti ń lọ wọ̀ ọ́. Èyí tí kò gbà wá kọjá, a ti fi pákó àti ìṣó mú un wọ̀lú.

Ìbéèrè: Níbo ni iná ti ń wọ ọkọ̀ tí kò ní bátìrì, tí wáyà kankan kò sì so mọ́?

Ìdáhùn: Irin tó ń tẹ̀ yẹn gan-an ni wáyà rẹ̀. Iná NEPA wọ inú àpótí kan; kó tó jáde, kò ju 12 fólítì lọ mọ́, ó sì ń ṣàn sí ọ̀nà kan ṣoṣo bíi ti bátìrì. Irin kan gbé pọ́sítíìfù, èkejì gbé nẹ́gẹ́tíìfù. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ lápá kan ń gba iná, iná gba inú mọ́tò kọjá, ó bá ẹsẹ̀ apá kejì padà. Ẹ yí wọn padà, ọkọ̀ á máa fẹ̀yìn rìn. Ike ni kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ ọ̀tún àti tòsì kanra. (Ní rélùwéè gidi, irin ló so wọ́n pọ̀, iná sì ń gba àárín wọn kọjá: ibẹ̀ ni síginà ti ń mọ̀ pé ọkọ̀ wà lójú irin.) Ọ̀tá wa ni eruku ọyẹ́. Bó bá bo irin, ọkọ̀ á dúró gbọnin, àfi ká fi aṣọ nù ún.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí ọkọ̀ fi kọ́kọ́ ń kú níbi tó ti ń ṣẹ́rí padà ní Ìlọrin?

Ìdáhùn: Ní Ìlọrin, ojú irin yípo, ó sì padà wá pàdé ara rẹ̀, kí ọkọ̀ lè ṣẹ́rí padà. Ẹ fi ìka tọ irin ọ̀tún yípo títí yóò fi padà síbi tó ti yà. Irin òsì lẹ máa bá níbẹ̀! Pọ́sítíìfù ti pàdé nẹ́gẹ́tíìfù nìyẹn, ló bá di pé àpótí iná pa ara rẹ̀. Ohun tí a ṣe ni pé a gé irin méjèèjì díẹ̀ ní ẹnu àbáwọlé àti ìjáde, kí iná ibi ìyípo lè dá dúró. Nígbà tí ọkọ̀ bá ti wọ inú rẹ̀ tán látòkèdélẹ̀, a ó yí iná ojú irin tó kù padà, ọkọ̀ á sì jáde láìmọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìyípo fi gbọ́dọ̀ gùn ju ọkọ̀ lọ.

Ìbéèrè: Ṣé ọkọ̀ tuntun Èkó sí Ìbàdàn lè bá èyí rìn?

Ìdáhùn: Rárá o. Ìbú ojú irin àtijọ́ jẹ́ mílímítà 1067. Bí a bá pín in sí ọ̀nà 64, ìwọ̀n tí a fi ṣe rélùwéè wa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá irin mílímítà 16.5 tí wọ́n ń tà mu. Ti tuntun jẹ́ 1435, ìyẹn á sì fẹ́ irin tirẹ̀ tó fẹ̀ ju èyí lọ. Pákó wa ò gba méjèèjì.