Bí Òṣùpá Bá Bo Oòrùn: Ìtànṣán UV, Ozone àti Ojú Wa

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ ọdún 2027, òṣùpá yóò bo oòrùn pátápátá ní Spéènì, Mòrókò, Àlùjíríà, Líbíà àti Íjíbítì. Tiwa ní Èkìtì, díẹ̀ ló máa bù jẹ lára oòrùn ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ìyẹn bí ìkùukùu oṣù kẹjọ bá gbà wá láyè. Ìtọ́jú ojú ni iṣẹ́ mi ní Adó, kò sì sí ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí bá jáde tí wọn kì í bi mí ní ìbéèrè kan náà. Ìyá àgbà kan láti Ìkẹ́rẹ́ ló bi mí gbẹ̀yìn: “Dókítà, ṣé òótọ́ ni pé oòrùn máa ń pọ oró lọ́jọ́ tí òun àti òṣùpá bá ń jà, pé ó máa ń lu ozone ya?”

Rárá o, Mà. Oòrùn kì í pọ oró kankan. Ìtànṣán tó ń dé ọ̀dọ̀ wa ń dín kù ni, ìtànṣán UV (ultraviolet), èyí tí ojú kò lè rí àmọ́ tó ń bó awọ ara, sì máa ń dín kù ju ìmọ́lẹ̀ tí a fi ń ríran lọ. Ozone, ìyẹn gáàsì òkè lọ́hùn-ún tó ń gba púpọ̀ nínú UV dúró fún wa, kò sì ní ya.

Ojú oòrùn kò mọ́lẹ̀ dọ́gba. Àárín rẹ̀ ló mọ́lẹ̀ jù. Etí rẹ̀ ṣú díẹ̀, nítorí pé ibi tó tutù díẹ̀ lára oòrùn ni ìmọ́lẹ̀ etí ti ń wá. Ní ti UV, ìyàtọ̀ àárín àti etí yìí tún pọ̀ sí i. Nítorí náà, bí òṣùpá bá bo àárín, tó wá ku etí tẹ́ẹ́rẹ́, UV tó wà nínú ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tó kù kò tó bó ṣe máa ń wà. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2006, òjìji òṣùpá gba Gánà, Tógò, Bẹ̀nẹ̀ àti ìwọ̀ oòrùn àríwá Nàìjíríà kọjá. Ọjọ́ náà ni òwúrọ̀ ṣú bàìbàì lórí Èkìtì. Òjìji yẹn kan náà ló dé erékùṣù Kastelorizo ní ilẹ̀ Gíríìsì, níbi tí àwọn onímọ̀ ti gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ dè é. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí ìgbì ìtànṣán bá ṣe kúrú sí ni ó ṣe ń dín kù sí.

Ozone ńkọ́? Ọ́síjìn tí à ń mí jẹ́ átọ́mù méjì tó so pọ̀. Ti ozone jẹ́ mẹ́ta. Ibi tó pọ̀ sí jù ni nǹkan bí kìlómítà 15 sí 35 lókè orí wa. Bí a bá kó gbogbo rẹ̀ wá sílẹ̀, tí a tẹ̀ ẹ́ pọ̀, kò ní nípọn ju nǹkan bí mìlímítà mẹ́ta lọ, tiwa ní ilẹ̀ olóoru kò sì sábà tó bẹ́ẹ̀. Oòrùn ló ń ṣe é. UV tó le jù á fọ́ ọ́síjìn sí méjì, átọ́mù kan á lọ lẹ̀ mọ́ ọ́síjìn mìíràn, wọ́n á di ozone. Oòrùn náà ló tún ń fọ́ ọ. Lókè lọ́hùn-ún, ní nǹkan bí kìlómítà 50 sókè, iṣẹ́ yìí yá, ozone ibẹ̀ sì máa ń pọ̀ sí i tí ìmọ́lẹ̀ bá dáwọ́ dúró, bó ṣe ń ṣe ní alaalẹ́. Àmọ́ ìwọ̀nba ló wà lọ́hùn-ún. Níbi tí ó pọ̀ sí, ọ̀sẹ̀ àti oṣù ló ń gbà kó tó yí padà. Kí ni ìmọ́lẹ̀ tó dín kù fún nǹkan bí wákàtí méjì fẹ́ fi ṣe?

Ìdí tí àwọn ìròyìn àtijọ́ lórí èyí fi ń takora ni pé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ozone láti ilẹ̀ máa ń fi ìtànṣán UV tí ìgbì rẹ̀ kúrú, èyí tí ozone ń gbà dúró jù, wé èyí tó gùn. Bí èyí tó kúrú bá dín kù nítorí etí oòrùn, ẹ̀rọ á kà á sí pé ozone ló pọ̀ sí i. Ohun tó jẹ ozone lóòótọ́ ni irú gáàsì tí wọ́n ń rọ sínú fíríìjì láyé àtijọ́, òun ló mú kí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí Àdéhùn Montreal ní 1987.

Kí ló wá ń fọ́ ojú? Ọ̀rọ̀ yìí ló ká mi lára jù. Lọ́jọ́ gbogbo, bí o bá fẹ́ tẹjú mọ́ oòrùn, ojú rẹ kò ní gbà. Á ṣomi, á dì. Bí òṣùpá bá bò ó, ilẹ̀ á ṣú, ọmọlójú á là sílẹ̀ gbàgàdà, oòrùn á sì ṣeé wò. Bẹ́ẹ̀ ìwọ̀nba etí tó kù ṣì mọ́lẹ̀ tó láti ba awọ ẹ̀yìn ojú jẹ́, níbi tí àwòrán ti ń hàn. Ìmọ́lẹ̀ lásán, pàápàá èyí tó jẹ́ aró, ló ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ ibi náà, nítorí pé iwájú ojú àgbàlagbà máa ń gba UV dúró. Ti ọmọdé kò lè gbà á dúró tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ ṣọ́ wọn gidigidi. Awọ ẹ̀yìn ojú kì í mọ ìrora. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan ni ẹni náà á gbé ìwé, tí á rí i pé àárín ọ̀rọ̀ tí òun ń kà ti ṣófo. Ti àwọn kan á sàn láàárín oṣù mélòó kan. Ti àwọn mìíràn kò ní sàn mọ́, mi ò sì ní oògùn rẹ̀ lọ́wọ́.

Ẹ má wò ó nínú omi bàsíà. Ẹ má lo fíìmù X-ray, ẹ má lo díńgí dúdú ọjà. Gíláàsì tó dára ni èyí tí ó ní àmì ISO 12312-2, ìyẹn ìlànà àgbáyé fún gíláàsì tí a fi ń wo oòrùn, tí kò bó, tí ara rẹ̀ kò sì ha. Ti wẹ́dà tó jẹ́ nọ́ńbà 14 náà dára, ṣùgbọ́n èyí tó wà lójú ọ̀pọ̀ wẹ́dà wa kò tó nọ́ńbà yẹn. Èyí tó rọrùn jù kò ní owó nínú: fi abẹ́rẹ́ lu páálí, kẹ́yìn sí oòrùn, kí o jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba ihò náà bọ́ sórí bébà funfun. O sì lè dúró sábẹ́ igi máńgòrò. Gbogbo àmì ìmọ́lẹ̀ tó ń jò láàárín ewé sórí ilẹ̀ ni òṣùpá ti bù jẹ, kékeré-kékeré, káàkiri ẹsẹ̀ rẹ.

Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé díẹ̀ ni yóò bò lọ́dọ̀ wa ní 2027, UV ọjọ́ náà kò ní yàtọ̀ sí ti ojoojúmọ́ lọ títí. Ìkùukùu fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kò sì ní dá a dúró. UV ojoojúmọ́ yìí wà lára ohun tó ń mú kí ẹran hù sí funfun ojú àwọn àgbẹ̀ àti ọlọ́kadà wa, títí tí á fi rìn dé ibi dúdú ojú. Ẹ dé fìlà tó ní etí fẹ̀. Àfín tó bá fẹ́ jáde lọ wò ó, kó wọ aṣọ alápá gígùn, kó sì fi ìpara ààbò oòrùn pa ojú àti ọrùn.