Ṣé Òótọ́ Ni Pé Ọmọdé Ló Ń Bímọ Wẹ́rẹ́?

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi, àmọ́ mo tún gbọ́ ọ lọ́jọ́ Sátidé, ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí wa nítòsí Ẹnuwá ní Ilé-Ifẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń ka apá kejì ìtàn àròsọ kan, ti ọjọ́ iwájú tí kòkòrò àrùn ò jẹ́ kí àgbàlagbà lè bímọ mọ́. Àwọn ọmọ tí ò tíì pé 18 nìkan ló ń lóyún, olówó sì ń sanwó kí wọ́n bá òun bímọ. Onídìrí ń ki ìdí irun rẹ̀ bọ omi gbígbóná, ó ní, "Ẹni tó kọ ọ́ gbọ́n. Ọmọdé náà ló ń bímọ wẹ́rẹ́, egungun wọn ṣì rọ̀." Gbogbo ṣọ́ọ̀bù gbà bí ẹni ń ṣe àmín.

Nínú ìtàn yẹn, kòkòrò àrùn ló lé àgbàlagbà nídìí ọmọ bíbí, egungun rírọ̀ kọ́. Ní ti ayé tiwa, WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ti sọ ọ́ títí pé gìrì aboyún àti àkóràn ilé ọmọ ń mú ọmọbìnrin 10 sí 19 tó bá lóyún ju obìnrin 20 sí 24 lọ. Nǹkan oṣù lè bẹ̀rẹ̀ ní 12 tàbí 13, ṣùgbọ́n egungun ìbàdí ò tíì parí iṣẹ́ tirẹ̀. Ó ṣì ń gbòòrò fún ọdún mélòó kan. Ọ̀nà tí orí ọmọ máa gbà ló kéré. Rírọ̀ ò sì ní kó fẹ̀.

Mo sọ ọ́ fún wọn ní ṣọ́ọ̀bù, àmọ́ màmá kan tó wà lábẹ́ díráyà ní irọ́ ni. Ìyá ìyá òun bí mẹ́sàn-án, 14 ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ta ló kọ ọ́ sílẹ̀? Mo bi wọ́n pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọdún wo ni wọ́n bí ìyá àgbà?" Wọ́n ní ọdún tí Ọba Adérẹ̀mí gorí oyè ni. 1930 nìyẹn. Àkọ́bí ìyá àgbà ńkọ́? Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n ìyá àwọn lọ́kùnrin ni, òṣìṣẹ́ ìjọba, 1951 ló wà nínú fáìlì rẹ̀. Ọdún 21 nìyẹn, kì í ṣe 14. Wọ́n ní ó dín ọjọ́ orí rẹ̀ kù kó lè ríṣẹ́ ni. Ọdún méje gbáko? Tó fi fẹ̀yìn tì ní 2011, a jẹ́ pé ẹni ọdún 67 ń lọ sọ́fíìsì láràárọ̀, ẹnikẹ́ni ò fura. Wọ́n wá ní bóyá wọ́n ti bí ìyá àgbà kí Adérẹ̀mí tó jọba. Ìyẹn á tún sọ ìyá àgbà di àgbà sí i! Wọ́n fa díráyà bo etí.

Ká tiẹ̀ gbà pé 14 ni. Àwọn tí ìkúnlẹ̀ pa ní 14 ò ní ọmọ-ọmọ tó máa wá ròyìn wọn ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí.

Mi ò sọ pé gbogbo ọmọ ọdún 17 tó bá lóyún ló máa kàgbákò. Ọ̀pọ̀ ló ń bí tibi tire. Ó sì lè jẹ́ pé ìṣẹ́, àti fífi oyún pamọ́ fún òbí títí di oṣù keje, dá kún wàhálà náà ju bí mo ṣe ń fi gbogbo rẹ̀ lé egungun lórí lọ.

Síbẹ̀, bí ọmọ ilé yín bá ti lóyún, ẹ tètè mú un lọ forúkọ sílẹ̀ nílé ìwòsàn, kí wọ́n máa yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Bí ojú rẹ̀ bá wú, tí orí ń fọ́ ọ, tó ní òun ń ríran bàìbàì, ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́. Bó bá sì ń rọbí láti àárọ̀ tí ọmọ ò yọjú, ẹ gbé àgbo sílẹ̀, kí ẹ wá mọ́tò.